Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ẹ̀yin Àgbà NFF Tí Ẹ Di Akẹ́kọ̀ọ́ Òfin Kóńgò

Ẹ̀yin bàbá wa àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa ní NFF, ilé-iṣẹ́ tó ń darí bọ́ọ̀lù Nàìjíríà, l'Ábújá,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú ìnáwó lọ́yà, ẹ kú àìsùn, ẹ kú ìwé kíkà. Ìwé kíkà yẹn gan-an ló mú mi kọ̀wé sí yín. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bá Super Eagles yọ̀, tí mo ń bá wọn jìyà, mo sì rò pé kò sí ìwà yín tó kù tí n kò mọ̀. Mo mọ̀ pé ẹ lè gba akọ́nimọ̀ọ́gbá síṣẹ́ tayọ̀tayọ̀ kí ẹ tó rántí pé owó oṣù wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n n kò mọ̀ pé ẹ lè jókòó ti ìwé òfin orílẹ̀-èdè mìíràn, kí ẹ kà á délẹ̀, kí ẹ sì fa ìlà sábẹ́ ibi tí ó ti lè ṣe yín láǹfààní.

Kí ẹni tí kò tẹ̀lé ọ̀rọ̀ yìí lè bá wa rẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ kí n tún un sọ. Ní ọjọ́ 16 oṣù kọkànlá ọdún 2025, ní Rabat, olú-ìlú Mòrókò, àwa àti Kóńgò Kinshasa pàdé. Ẹni tó bá borí ni ìrètí Ife Àgbáyé 2026 ṣì kù fún. Ẹni tí wọ́n bá lù, kó máa lọ sílé. Frank Onyeka gbá bọ́ọ̀lù wọlé ní ìṣẹ́jú kẹta, a ti ń jó. Meschack Elia dá a padà kí ìdajì àkọ́kọ́ tó parí, ijó dá. A wọ́ ọ títí ó fi di pẹ́nárítì. Calvin Bassey sọ tirẹ̀ nù, Moses Simon sọ tirẹ̀ nù, Semi Ajayi náà sọ tirẹ̀ nù. Chancel Mbemba, olórí ẹgbẹ́ wọn, wá gbá èyí tó lé wa wálé. Mẹ́rin sí mẹ́ta.

Kí òógùn tó gbẹ lára àwọn ọmọ, akọ́nimọ̀ọ́gbá yín, Eric Chelle, ti ní ọ̀kan nínú àwọn ará Kóńgò ń ṣe oògùn sí wa ní gbogbo ìgbà tí a bá fẹ́ gbá pẹ́nárítì. N kò bá a jiyàn. Ó kéré tán, ẹ̀sùn tó yé wa ni. Èmi tí mo dàgbà ní àdúgbò tí wọ́n ti ń ri nǹkan mọ́ ìdí òpó gólì ní òru ọjọ́ tí eré bá ku ọ̀la, kí ni mo fẹ́ sọ? Ṣùgbọ́n FIFA kò ní ẹ̀ka tó ń gbọ́ ẹjọ́ oògùn. Nígbà tó fi máa di oṣù kejìlá, a gbọ́ pé ẹ ti pààrọ̀ ẹ̀sùn. Kì í ṣe oògùn mọ́. Pásípọ́ọ̀tù ni.

Ẹ ní òfin Kóńgò kò gba kí ènìyàn jẹ́ ọmọ Kóńgò kó tún jẹ́ ọmọ ibòmíràn. Òótọ́ ni, ó wà nínú ìwé òfin wọn ti ọdún 2006, ní abala kẹwàá. Ẹ ní àwọn kan nínú àwọn tó gbá bọ́ọ̀lù fún wọn sì ní ìwé ilẹ̀ Yúróòpù lápò, nítorí náà wọ́n tan FIFA jẹ ni. Ìdájọ́ tí FIFA bá dá kọ́ ni mo bá wá. Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi ni irú ẹni tó kọ ìwé ẹ̀sùn náà.

Ẹ jẹ́ ká wo inú ilé tiwa. Bassey tó sọ pẹ́nárítì nù yẹn, Aosta ní ilẹ̀ Ítálì ni wọ́n bí i sí, Lọ́ńdọ̀nù ló dàgbà sí. Lọ́ńdọ̀nù náà ni wọ́n bí Ajayi sí. Alex Iwobi ní tirẹ̀, ọmọ tí wọ́n bí l'Ékòó ni, Jay-Jay Okocha sì ni arákùnrin ìyá rẹ̀, síbẹ̀ ó ti wọ aṣọ àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kó tó wọ tiwa. Ola Aina náà ti wọ̀ ọ́. William Troost-Ekong, tí wọ́n fi ṣe agbábọ́ọ̀lù tó pegedé jù lọ níbi Ife Ilẹ̀ Áfíríkà tí wọ́n gbá ní Côte d'Ivoire ní 2024, ìlú Haarlem ni wọ́n bí i sí, ọmọ Holland ni ìyá rẹ̀, ó sì ti gbá bọ́ọ̀lù fún àwọn ọ̀dọ́ Holland rí. Chelle fúnra rẹ̀ ńkọ́, ọlọ́rọ̀ oògùn? Abidjan ni wọ́n bí i sí, ọmọ Faransé ni bàbá rẹ̀, ọmọ Mali ni ìyá rẹ̀, Mali ló gbá bọ́ọ̀lù fún, Nàìjíríà ló wá ń ṣọ̀fọ̀ fún ní Rabat. Mo fẹ́ràn ọkùnrin náà gan-an.

Ti Ademola Lookman ló wá dùn jù. Ọmọ Wandsworth, ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọdún 2017, ó wà nínú ẹgbẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó gba ife àgbáyé àwọn tí kò tíì pé ogún ọdún ní Gúúsù Kòríà, ó sì gbá gólì mẹ́ta wọlé fún wọn níbẹ̀. Ní ọdún 2022, ẹ kọ̀wé sí FIFA, FIFA buwọ́ lù ú, ó di tiwa. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2024, ó gbá gólì mẹ́ta wọlé Leverkusen fún Atalanta ní àṣekágbá Europa League ní Dublin, gbogbo ilé ìwòran bọ́ọ̀lù láti Agége dé Ìlọrin ń pariwo orúkọ rẹ̀. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n fi joyè agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ ní Áfíríkà. N kò rántí pé ẹnikẹ́ni nínú yín dúró lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn lọ́jọ́ yẹn láti bi í pé pásípọ́ọ̀tù mélòó ló wà lápò rẹ̀.

A kì í mọ ọkọ ọmọ ká tún mọ àlè ọmọ, ẹ̀yin bàbá.

Mo mọ ohun tí àwọn lọ́yà yín máa fi dá mi lóhùn. Wọ́n á ní Nàìjíríà kì í ṣe Kóńgò, òfin tiwa gba méjì láyè. Bẹ́ẹ̀ ni. Ìwé òfin ọdún 1999, ní abala 25, ní ẹni tí wọ́n bí sókè òkun, bí bàbá tàbí ìyá rẹ̀ bá ti jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ọmọ Nàìjíríà ni. Abala 28 sì fi hàn pé ẹni tó jẹ́ ọmọ wa nípa ìbí lè gba ti ibòmíràn mọ́ ọn láìsọ tiwa nù. Ó tẹ́ mi lọ́rùn. Ṣùgbọ́n bí ẹ ti wá di òǹkàwé yìí, ẹ tún abala 25 yẹn kà. Kò sí ibi tó ti sọ pé ẹni tí wọ́n bá bí sí Nàìjíríà ti di ọmọ Nàìjíríà nítorí ìyẹn nìkan. Bàbá, ìyá, tàbí ọ̀kan nínú àwọn òbí àgbà gbọ́dọ̀ jẹ́ tiwa. Ọmọ tí bàbá àti ìyá rẹ̀ ti Kútọnu wá, tí àwọn òbí wọn náà jẹ́ ará ibẹ̀, tí wọ́n wá bí i sí Mushin, tó ń fi ojúlówó Yorùbá Mushin bú ọlọ́kadà, àlejò ni lójú ìwé. Ashleigh Plumptre, tí wọ́n bí ní Leicester, tó ti bá àwọn ọmọbìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbá bọ́ọ̀lù láti kékeré, onílé ni, nípasẹ̀ bàbá àgbà rẹ̀.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o, n kò bá Plumptre jà. Ó wà nínú ẹgbẹ́ Super Falcons tó gba Ife Áfíríkà àwọn obìnrin ní oṣù keje ọdún 2025, níbi tí Mòrókò ti kọ́kọ́ gbá méjì wọlé wa, tí àwọn ọmọbìnrin wa sì dá mẹ́ta padà fún wọn. Ní Rabat náà ni! Kò sẹ́ni tó rí oògùn níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Michelle Alozie tí wọ́n bí ní California wà níbẹ̀, Rinsola Babajide tí wọ́n bí ní Lọ́ńdọ̀nù wà níbẹ̀. Ká ní Mòrókò tó pàdánù kọ̀wé sí FIFA lọ́jọ́ kejì pé kí wọ́n bá àwọn yẹ pásípọ́ọ̀tù àwọn ọmọbìnrin yìí wò, irú èébú wo ni a kò ní bú wọn lórí Facebook?

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ Yorùbá nínú yín ni mo fẹ́ bá sọ èyí. Bí wọ́n bá bi ọmọ Yorùbá pé níbo ló ti wá, kì í dárúkọ ọsibítù. Ìlú bàbá rẹ̀ ló ń dárúkọ. Ọmọ Ìjẹ̀bú tó dàgbà sí Kánò, tí Haúsá rẹ̀ já gaara ju ti onísùyà lọ, Ìjẹ̀bú ló ń gun ẹṣin lọ ní ọjọ́ Ojúde Ọba, kò sì sẹ́ni tó ń bi í pé ọjọ́ wo lo dé. Segun Odegbami, Èkó ni wọ́n bí i sí, Jos ló ti kọ́ bọ́ọ̀lù, Shooting Stars ti Ìbàdàn ló sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká, ọmọ Ògùn sì ni títí di òní. Ní Sùúrùlérè ní ọdún 1980, nígbà tó gbá méjì nínú gólì mẹ́ta tí a fi na Algeria tí a fi gba Ife Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́, ta ló bi í léèrè ibi tí wọ́n gbé sin ìwọ́ rẹ̀ sí? Kí ni FIFA ń ṣe tó yàtọ̀ sí èyí? Tí pásípọ́ọ̀tù bá ti wà, wọ́n á wo ibi tí wọ́n bí ẹ sí, tàbí ibi tí wọ́n bí bàbá tàbí ìyá rẹ sí, tàbí ibi tí wọ́n bí ọ̀kan nínú àwọn òbí wọn sí. Ẹni tí kò bá ní èyíkéyìí nínú wọn ni wọ́n ń ní kó kọ́kọ́ gbé ibẹ̀ fún ọdún márùn-ún, tàbí mẹ́ta bí ó bá ti dé ibẹ̀ kó tó pé ọdún mẹ́wàá. Ìyá àgbà yín ìbá ti gbé òfin náà kalẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, ẹ wo àwọn ọmọ Kóńgò wọ̀nyí pẹ̀lú ojú yẹn. Aaron Wan-Bissaka, Croydon ni wọ́n bí i sí, ó ti wọ aṣọ àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀jẹ̀ Kóńgò ni. Ìtàn Lookman ni, aṣọ ló yàtọ̀. Axel Tuanzebe ńkọ́? Bunia, ní ilẹ̀ Kóńgò gan-gan, ni wọ́n bí i sí kí wọ́n tó gbé e lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní kékeré. Bí a bá gbé àlàyé yín dé ibi tó ń lọ, ẹ̀yin l'Ábújá lẹ máa ti Bunia mọ́ ọn lójú. Ìjọba Kinshasa, tó ni òfin, tó sì mọ ìdí tó fi ń di ojú sí i fún àwọn ọmọ rẹ̀ tó wà lẹ́yìn odi, ló fún wọn ní pásípọ́ọ̀tù. Onílé ní òun mọ ọmọ òun. Aládùúgbò ní irọ́ ni, òun ti ka ìwé ìgbéyàwó wọn.

Àwọn aládùúgbò tiwa gan-an ńkọ́? Emmanuel Adebayor, Lomé ni wọ́n bí i sí, ọmọ Yorùbá Nàìjíríà ni àwọn òbí rẹ̀. Gólì mọ́kànlá ló gbá nínú eré ìyege tí Tógò fi dé Ife Àgbáyé 2006 ní Jámánì. Ẹ rántí ibi tí àwa wà lọ́dún yẹn: a wà nílé, Angola ti gba ipò wa. A fi ọmọ wa yangàn níwájú tẹlifíṣọ̀n, a sì jẹ́ kí àwọn ará Tógò ní ọmọ wọn. Tosin Aiyegun tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún Benin, Èkó ni wọ́n bí òun sí. Gernot Rohr tó jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá yín láti 2016 títí di 2021 náà ló wá di akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, tó sì fi wọ́n lù wá ní Abidjan ní oṣù kẹfà ọdún 2024, méjì sí ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n wá sí Uyo ní oṣù kẹwàá ọdún 2025, Victor Osimhen gbá mẹ́ta, a fi ayò mẹ́rin dá wọn padà sí Kútọnu. Bọ́ọ̀lù la fi bá wọn ṣe é. Bí ó ti yẹ kó rí nìyẹn.

Nígbà kan, ilẹ̀kùn àtiyí orílẹ̀-èdè padà nínú bọ́ọ̀lù ṣí sílẹ̀ gbayawu. Luis Monti gbá àṣekágbá Ife Àgbáyé fún Argentina ní 1930, ó tún gbá a fún Ítálì ní 1934. Alfredo Di Stéfano wọ aṣọ Argentina, ó wọ ti Colombia, ó wọ ti Spain. FIFA wá tì í gbọn-in, ó sì jẹ́ pé àwa ará Áfíríkà ni ilẹ̀kùn náà há lọ́wọ́ jù. Ẹ wo Munir El Haddadi: Spain fi í wọlé fún ìṣẹ́jú mẹ́tàlá péré ní ọdún 2014, ìṣẹ́jú mẹ́tàlá yẹn ni kò jẹ́ kó lè gbá bọ́ọ̀lù fún Mòrókò, ilẹ̀ bàbá rẹ̀, títí di 2021. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń tú àgádágodo náà, ní 2004, ní 2009, ní 2020. Láti 2020, ẹni tí kò bá tíì gbá ju eré mẹ́ta lọ fún ẹgbẹ́ àgbà kó tó pé ọdún mọ́kànlélógún, tí kò sì kan Ife Àgbáyé tàbí ife kọ́ńtínẹ́ǹtì rẹ̀, lè yí padà bí ọdún mẹ́ta bá ti kọjá. Àwa la ń jàǹfààní rẹ̀ jù: Mòrókò, Algeria, Senegal, Kóńgò, àwa náà. Ẹ̀yin lẹ wá dìde láti lọ ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tó tẹ̀lé yín wọlé.

Kí n má ṣe bí ẹni pé ìwé ẹ̀sùn kò ní ibi tó ti wúlò. Ní 2025, FIFA fìyà jẹ Màléṣíà lórí agbábọ́ọ̀lù méje, torí pé ìwé ìbí àwọn òbí àgbà wọn tí wọ́n kó wá kò bá èyí tí wọ́n rí ní ìlú tí wọ́n ti bí wọn mu. Ẹ wo ìyẹn ná! Wọ́n yá bàbá àgbà lò. Emilio Nsue ti Equatorial Guinea gbá gólì márùn-ún níbi Ife Áfíríkà 2024, kò sẹ́ni tó gbá ju bẹ́ẹ̀ lọ níbẹ̀, kó tó di pé FIFA kéde pé ó ti gbá bọ́ọ̀lù fún àwọn ọ̀dọ́ Spain, kò sì tíì yí ìwé rẹ̀ padà bó ṣe yẹ, bẹ́ẹ̀ ó ti ju ọdún mẹ́wàá lọ tó ti ń gbá a. Ẹni tó bá gbé irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ lọ, mo máa bá a gbé àpò ìwé rẹ̀. Ayédèrú ni ìwé ẹ̀sùn wà fún. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ ti Kinshasa wá ní tòótọ́ kì í ṣe ayédèrú, bó ti wù kí pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ pọ̀ tó.

Ìwé yín fúnra yín ńkọ́, níwọ̀n bí a ti dé orí ọ̀rọ̀ ìwé? Ní oṣù kọkànlá ọdún 2017, ẹ fi Abdullahi Shehu wọlé láti kojú Algeria nígbà tí káàdì tó gbà ti ní kó jókòó. FIFA gba ojúàmì kan tí a rí nínú eré yẹn lọ́wọ́ wa, ó fún Algeria ní ayò mẹ́ta ọ̀fẹ́, ó tún bu owó ìtanràn lé yín. Orí ló yọ wá pé a ti yege tẹ́lẹ̀ fún Rọ́ṣíà. Ní 2025, Gúúsù Áfíríkà náà ṣe irú àṣìṣe yẹn lórí Teboho Mokoena, wọ́n gba ojúàmì mẹ́ta lọ́wọ́ wọn, a sì ń jó pé Ọlọ́run ti dá sí i. Pẹ̀lú ojúàmì mẹ́ta tí wọ́n gbà lọ́wọ́ wọn yẹn náà, Gúúsù Áfíríkà ní méjìdínlógún, àwa ní mẹ́tàdínlógún.

Èyí tó wá dùn mí nìyí. Ọjọ́ 11 oṣù kọkànlá, ní Rabat yẹn náà, nígbà tó ku ọjọ́ méjì kí a pàdé Gabon, àwọn agbábọ́ọ̀lù kọ̀, wọn kò jáde fún ìgbáradì, torí owó tí ẹ jẹ wọ́n. Ọmọ tí wọ́n bí sí Warri àti ọmọ tí wọ́n bí sí Wandsworth jọ jókòó sí hòtẹ́ẹ̀lì ni. Lọ́jọ́ yẹn, gbogbo wọn di ojúlówó ọmọ Nàìjíríà, láìsí pé ẹnikẹ́ni yẹ pásípọ́ọ̀tù wọn wò: ẹ jẹ wọ́n lówó. Ẹ yanjú rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, wọ́n sì na Gabon ní mẹ́rin sí ọ̀kan. Ìwé ìṣirò tí kò ju ojú ìwé kan lọ ni kò rí ẹni kà á l'Ábújá, bẹ́ẹ̀ ẹ rí ẹni ka ìwé òfin Kóńgò láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀.

Kì í ṣe ẹ̀yin nìkan, kí n má purọ́ mọ́ yín. Àwọn ará ilé kejì, àwọn tó ń darí eré sísá, ìwé náà ni ìṣòro wọn. Ní Tokyo ní 2021, wọ́n dá eléré ìdárayá wa mẹ́wàá dúró torí pé wọn kò ṣe àyẹ̀wò oògùn tó pé fún wọn kí wọ́n tó gbéra. Annette Echikunwoke, ọmọ wa láti Amẹ́ríkà tó ń ju òòlù onírin, wà lára wọn. Ó ti dé Tokyo kó tó mọ̀. Ó padà sí Amẹ́ríkà, ó ní kí wọ́n gba òun, ó sì gba fàdákà fún wọn ní Paris ní 2024. Ní Paris kan náà, Favour Ofili, tí wọ́n bí ní Port Harcourt, tí kò sẹ́ni tó lè ní kì í ṣe ọmọ onílé, ti yege fún eré ọgọ́rùn-ún mítà. Wọn kò fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ìwé ẹ̀sùn tí ẹ kọ nípa Kóńgò, bí wọ́n bá fi ìdajì agbára rẹ̀ kọ orúkọ ọmọbìnrin yẹn sínú fọ́ọ̀mù, ó tó.

Bí ó bá sì jẹ́ pé ẹjọ́ ló wù yín ṣáá, mo ní èyí tó tóbi ju ti Kóńgò lọ fún yín. Ẹ pe ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́jọ́. Bukayo Saka wà lọ́wọ́ wọn. Fikayo Tomori, tí wọ́n bí ní Kánádà, tí òun náà jẹ́ ọmọ Yorùbá, wà lọ́wọ́ wọn. Ẹ pe Faransé lórí Michael Olise. Ẹ pe Jámánì lórí Jamal Musiala. Lẹ́yìn náà, kí ẹ yà sí Amẹ́ríkà lórí Folarin Balogun, tí wọ́n bí ní New York, tó dàgbà ní Lọ́ńdọ̀nù, tí orúkọ rẹ̀ kò nílò agbẹnusọ, tó ní orílẹ̀-èdè mẹ́ta níwájú rẹ̀ tó sì mú Amẹ́ríkà ní 2023. Gbogbo wọn ni ẹni tó jókòó sẹ́yìn mi ní ilé ìwòran ń pè ní "ọmọ wa" bí wọ́n bá gbá a wọlé. Nígbà tí Saka sọ pẹ́nárítì nù ní àṣekágbá Yúróòpù ní 2021, tí àwọn aláìnítìjú kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń sọ ọ́ lókò ọ̀rọ̀ nítorí àwọ̀ rẹ̀, ọkùnrin yẹn fò dìde, ó ní, "Ṣé ẹ rí i? Ẹ dá a padà fún wa!" Nígbà tó gbá a wọlé Switzerland ní 2024, ó tún fò dìde: "Ọmọ wa ni!" N kò tíì rí pásípọ́ọ̀tù tó gbéṣẹ́ ju ẹnu ọkùnrin yẹn lọ. Bí ẹ bá fẹ́ ẹlẹ́rìí nílé ẹjọ́, mo máa bá yín bá a sọ̀rọ̀.

Ohun tí mo wá béèrè kò pọ̀. Kí ẹ tó gbéra fún eré ìyege tó ń bọ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ san owó àwọn ọmọ kí wọ́n tó wọ bàálù. Ẹ ka káàdì wọn lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní líìgì ilé, tí pásípọ́ọ̀tù wọn kò ju ẹyọ kan lọ, tí ọ̀pọ̀ wọn kò tilẹ̀ tíì ní, ẹ wá wọn lọ ní pápá wọn nígbà mìíràn, kí wọ́n má bàa rò pé ìgbà tí wọ́n bá bí ènìyàn ní Croydon nìkan lẹ ń rí i. Bí a bá sì tún pàdé Kóńgò, ẹ jẹ́ kí Bassey àti Ajayi máa gbá pẹ́nárítì lójoojúmọ́ ní ibùdó. Ojúlówó ọmọ Nàìjíríà ni wọ́n, gólì ló kù.

Ẹ bá mi kí àwọn lọ́yà yín pẹ̀lú. Èdè Faransé ni wọ́n fi kọ òfin Kóńgò, wọ́n sì kà á já. Bí wọ́n bá ti ráyè, kí wọ́n bá wa ka ìwé àdéhùn àwọn agbábọ́ọ̀lù tiwa náà, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ìyẹn.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Ọ̀kan nínú àwọn tó ń sanwó wọ ilé ìwòran bọ́ọ̀lù